Yàrá Tí A Kì Í Dọ̀bálẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, síbẹ̀ odidi ọdún kan wà tí a kò gbọ́ ìró odó nínú ilé wa ní Muṣin. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Bàbá mi ló sì fi òwe náà kọ́ wa kí a tó mọ A, B, D. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn fúnra wọn ló pàṣẹ pé kí Màmá gbé odó lọ sí ojúlé kejì, kí ẹ̀bà sì máa bá wa gbé. Wọ́n ní bí ọmọ odó bá ti ń dún lẹ́yìn ilé, gíláàsì tó wà ní pálọ̀ ń gbọ̀n. Bí gíláàsì bá gbọ̀n títí, á rẹ̀ ẹ́. Bó bá sì rẹ̀ ẹ́, á sán. Màmá bi wọ́n bóyá ènìyàn tó ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, tó tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́, kì í rẹ̀ ní tirẹ̀. Bàbá mi dìde. Wọ́n wọ pálọ̀ lọ, wọ́n lọ ń nu ife.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìgò ni bàbá mi ti ń ṣe akọ̀wé. Ìgò ń wọlé, ìgò ń jáde, bàbá mi ò kà á sí nǹkan kan, bí alápatà kì í ti í ya ẹnu wo ẹran. Ìgbà tó yá ni ilé iṣẹ́ rán àwọn mẹ́ta lọ sókè òkun láti kọ́ṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọn ò ríbi lọ, òyìnbó tó gbà wọ́n lálejò kó wọn lọ wo ilé ńlá kan, ilé tí wọn ò kó nǹkan mìíràn sí ju gíláàsì lọ: èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí Jésù, èyí tí ọba fi mu ọtí, èyí tí wọ́n fẹ́ bí òdòdó, èyí tí kò wúlò fún ohunkóhun àfi kí a máa wò ó. Àwọn méjì tó kù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn. Bàbá mi rìn ín láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, èmi ò lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé ènìyàn kan ló lọ, ẹlòmíràn ló padà wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé tẹlifíṣọ̀n bọ̀, wọ́n kó kóòtù, wọ́n kó bàtà. Bàbá mi gbé àpótí onípákó kan bọ̀. Àwa ọmọ jókòó yí i ká, à ń retí bisikíìtì. Koríko gbígbẹ la kọ́kọ́ rí, koríko òyìnbó, lẹ́yìn náà ife, ife sí i, àti jọ́ọ̀gì búlúù gíga kan tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Àbúrò mi bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ tí pálọ̀ wa fi di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kó àwọn àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí a ti ń bá sítóófù àwọn ayálégbé du ọ̀nà. Káfíńtà kan pẹpẹ mọ́ ògiri mẹ́ta, láti ilẹ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó sì gbé pẹpẹ kan síwájú ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́rin gbé e dúró. Láàárín pẹpẹ yìí àti ògiri tó kọjú sí i, àyè tó kù kò ju ibi tí a lè tẹ́ ẹní sí lọ. Nítorí pé ohun tó wà nínú àpótí ò kún pẹpẹ kan tán, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì káàkiri bí ẹni tó sọ ọmọ nù. Wọ́n rí ìgò sìnáàpù onígun mẹ́rin, wọ́n rí gíláàsì àtùpà, wọ́n rí ojú iná mọ́tò. Nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa bá wọn mú ìgò oògùn bọ̀ láti Ìdí-Àràbà. Apẹja kan ní Ìwáyà kó ìgò dúdú kan tí àwọ̀n rẹ̀ gbé láti inú ọ̀sà fún wọn, ìkarahun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó ní òun ti fẹ́ jù ú nù. Ìwájú ohun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi páálí pélébé kan sí, tí wọ́n kọ gèésì gogoro sí lára. Bí o bá ka èyí tó wà níwájú ìgò Ìwáyà, wàá rò pé ọba kan ló dìde lórí ìtẹ́, tó wá sọ ọ́ sómi.

Ìyá àgbà mi tó ti kú fi ilẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi ẹyọ kan sílẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi mọ̀ dáadáa pé gíláàsì ni, pé wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì ní Ifẹ̀ kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àlejò, ohùn wọn á sì lọ sókè bí ti olóṣèlú. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n gbé sẹ̀gi sí? Pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gíláàsì àtùpà, níbi tí àlejò ti gbọ́dọ̀ fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ kó tó rí i. Òkè, lábẹ́ gílóòbù iná, ni àwọn ife òkè òkun wà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dàgbà tí mo rántí ètò yìí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí kí orílẹ̀-èdè wa to pẹpẹ tirẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Gbogbo àlejò ló gbọ́dọ̀ wò ó, ì báà jẹ́ ẹni tó wá kí wa, ì báà jẹ́ ẹni tó wá tọrọ iná. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. A ká ọwọ́ sẹ́yìn. A kò gbọdọ̀ sín. Ìyá Ìjẹ̀bú, àgbà obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wọlé.

"Yanrìn ni," bàbá mi bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo ohun tí ẹ ń wò yìí, yanrìn ni, Màmá. Yanrìn, kánún, òkúta ẹfun. Wọ́n á yọ́ ọ nínú iná títí á fi máa fà bí oyin."

"Yanrìn?" ni Ìyá Ìjẹ̀bú wí. "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń nù ún?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín. Ẹ ká a sẹ́yìn."

"Èmi? Ṣé olè ni wọ́n mú ni?"

Ó ká a sẹ́yìn ṣá. Ó rìn ín yí ká, ó ń mi orí. Nígbà tó jáde, ó sọ fún Màmá mi níbi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀bà pé ilé olówó lòun ti ń rí ife tí a kì í fi mumi, pé ilé òṣìṣẹ́ lòun ti wá rí pálọ̀ tí a kì í jókòó sí. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀bà fi ní kókó. Èmi ni mo máa ń fi àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu pẹpẹ ìsàlẹ̀ ní gbogbo Sátidé, mo sì mọ ohùn ilé yẹn ju ohùn ara mi lọ: bí típà bá gba títì kọjá, gbogbo pálọ̀ á ké ṣínrín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dákẹ́, gbogbo wa á dúró lójú kan pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, títí bàbá mi á fi wí pé, "Kò sí nǹkan." Ìgbà náà la tó lè gbé oúnjẹ mì.

Mo ti dé irú ilé gíláàsì bẹ́ẹ̀ lókè òkun lẹ́yìn tí mo dàgbà. Ọmọ mi ló mú mi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé wa, bí mo bá sì ti sún mọ́ nǹkan díẹ̀, á wúkọ́. Ikọ́ tí bàbá mi máa ń wú bí ọwọ́ àlejò bá sún mọ́ pẹpẹ gẹ́lẹ́ ni. Ọmọ mi ò mọ ìdí tí mo fi dijú, tí mo ń fi ìka nu ojú, mi ò sì lè ṣàlàyé fún un pé ohun tó dára ni mò ń wò lóòótọ́. Torí àwọn ife yẹn dára. N ó sọ òtítọ́. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wa wọlé, tó kọjá lára jọ́ọ̀gì búlúù yẹn, ògiri tí èéfín sítóófù ti sọ di dúdú á di odò. Bàbá mi á pè mí wá wò ó. Wọn ò ní sọ̀rọ̀. A jọ máa dúró níbẹ̀ ni.

Ẹni tí ìyà ilé gíláàsì yìí jẹ jù nínú ilé ni Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò bàbá mi obìnrin. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí ìyá wọn kú. Bàbá mi ló tọ́ wọn, tó rán wọn nílé ìwé, tó mú wọn wá sí Èkó, débi pé àwọn ará ilé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ sùn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé, wọ́n rẹwà, wọ́n sì ti tó ẹni tó yẹ kó wà nílé ọkọ. Ọkùnrin kan ti wá ṣáájú. Àárín ìgbà tí bàbá mi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ gíláàsì bí ẹní fọn fèrè ni ó gbé ife kan, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bàbá mi ò tíì fi ẹnu ọ̀nà hàn án tán tí ó fi bá ara rẹ̀ ní títì. Wọ́n ní ẹni tí kò lè ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣọ́ ìyàwó. Àǹtí sunkún lọ́jọ́ náà, àwọn ọlọ́fòófó àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí fún wọn. Ìyá Ìjẹ̀bú ní bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, ìgò ni ọmọbìnrin náà yóò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ló wá dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni nítòsí wa níbẹ̀. Bí mọ́tò bá tẹ̀, òun ní í lù ú títí á fi nà. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń tẹrí ba kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Gbogbo wa rò pé ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi yẹn ló máa lé e lọ, àṣé ó ní ọgbọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ọjọ́ kejì, ó gbé gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò kan wá, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ láìsán. Bàbá mi gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ọmọ tuntun. Wọ́n kọ páálí fún un lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ tí wọ́n ń wí fún Màmá pé, "Ọmọkùnrin yẹn dára," Àǹtí Fọlákẹ́ sì ń kọrin nídìí àwo tí wọ́n ń fọ̀. Ó kù kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ, kí bàbá mi gbà, kí wọ́n súre. Bí èyí bá bọ́ sí i, ó parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, Màmá lọ gúnyán lójúlé kejì nínú odó ara wọn, wọ́n gbé e bọ̀ nínú kúlà bí ẹrù ìfàyàwọ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àgbàlá kún fún ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì, àti Bàbá Ìṣọ̀lá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, arúgbó kan tó wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Àwa ọmọ àti Àǹtí wà lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá, à ń yọjú. Àlejò tó ti rin ọ̀nà jíjìn, omi la máa ń fún un. Bàbá mi ní kí wọ́n bọ́ bàtà.

"Yanrìn ni," wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n rìn wọ́n láti pẹpẹ dé pẹpẹ. Wọ́n sọ ti Íjíbítì, wọ́n sọ ti ọba tó fi ife pupa mu wáìnì. Bàbá Ìṣọ̀lá ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi èkejì. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ìgò Ìwáyà, ó bi Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé gbogbo eléyìí ni àwọn máa san kí àwọn tó mú ìyàwó ni.

"Ẹ fara dà á, Bàbá," ni Débọ̀ wí. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó máa tán, kò ní tán, àlàyé bàbá mi tán níkẹyìn. Wọ́n gbé àga kan wọ pálọ̀ fún Bàbá Ìṣọ̀lá, bàbá mi jókòó sórí èkejì lẹ́bàá ògiri, Màmá àti Ìyá Ìjẹ̀bú dúró lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó náà sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa, pé ó wu àwọn já. Bàbá mi ní àwọn ti gbọ́, pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ àwọn lọ́rùn. Bàbá Ìṣọ̀lá mi orí sí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta náà. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ká agbádá, wọ́n ti ń tẹ̀ síwájú.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀!" Bàbá mi ti fò dìde. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. "Ẹ jọ̀ọ́. Kò pọn dandan. Ẹ kàn tẹrí ba díẹ̀, ó ti tó."

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹsẹ̀ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí mọ àṣà náà. Ẹni tó kọ ìdọ̀bálẹ̀ àna rẹ̀, àna náà ló kọ̀. Kò sí ìtumọ̀ mìíràn tí ó ní. Bàbá mi nìkan ni kò mọ̀ nínú yàrá náà, torí ẹsẹ̀ gígùn Débọ̀ àti ẹsẹ̀ pẹpẹ nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń ṣírò.

"Ẹ ní kí ọmọ wa má dọ̀bálẹ̀?" ni Bàbá Ìṣọ̀lá bi wọ́n.

"Kì í ṣe nǹkan kan, Bàbá. Nítorí gíláàsì ni."

"Nítorí gíláàsì."

"Ó ga jù. Ẹ wo bó ṣe ga."

"Ẹ gbà pé ó kọ́ṣẹ́, ẹ gbà pé ó níwà, gígùn rẹ̀ ni ẹ ò gbà." Arúgbó náà fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gbádébọ̀, dé fìlà rẹ."

Màmá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lágbàálá. Bàbá Ìṣọ̀lá wo ẹrẹ̀, ó ní inú ilé ni a ti ń tọrọ ọmọ, pé àwọn ò wá ra ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀, àwọn á kó àwọn ife náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Arúgbó náà ní nígbà tí wọ́n bá kó ẹrù wọn tán, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Ìjẹ̀bú pariwo pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ó sì dúró gbàgbà sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ara rẹ̀ tó kún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi kọjá. Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ dúró láàárín wọn, fìlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń wo kọ́tìnì. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí arúgbó yẹn bá fi lè bọ́ sí títì, Àǹtí mi ò ní rí ọkùnrin yìí fẹ́ mọ́. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi di aṣọ wọn mú. Ìgbà tí mo fà á ni mo rí i pé wọn ò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ìborùn wọn nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́.

Àǹtí Fọlákẹ́ ti jáde. Ọmọ tí wọ́n ń tọrọ kì í jáde bẹ́ẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò pariwo.

"Bùọ̀dá mi," ni wọ́n wí, "ẹ kọ páálí tèmi náà. Ẹ wá àyè fún mi lórí pẹpẹ, kí n mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa gbó sí."

Bàbá mi wo wọ́n. Wọ́n wo jọ́ọ̀gì búlúù, wọ́n wo ife pupa, wọ́n wo gbogbo pẹpẹ tán pátá bí ẹni tó ń kí ará ilé kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọ́n gbé Àǹtí dìde. Wọ́n wá yí sí Bàbá Ìṣọ̀lá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jókòó. Débọ̀, dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ká ẹsẹ̀ kò?" ni Débọ̀ bi wọ́n.

"Mo ní kí o dọ̀bálẹ̀. Nà gbalaja."

Ó nà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àyà wọn kan ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjèèjì bá àyè náà mu. Débọ̀ ò bá a mu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọra kan ẹsẹ̀ pẹpẹ iwájú ilẹ̀kùn, pẹpẹ náà rò ó wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìjẹ̀bú yà á fún un. Ife àkọ́kọ́ fọ́. Débọ̀ fẹ́ dìde; bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Má dìde. Olúwa á jẹ́ kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́."

Ìgò sìnáàpù fọ́. "Àmín," la wí.

"Ilé yín ò ní dàrú."

Ife méjì fọ́ pọ̀. "Àmín."

"Ẹ ò ní rí àdánù."

Gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò ló dún jù. Àmín wa borí rẹ̀. Màmá mi ti gbé ọwọ́ lérí, àbúrò mi ń dunnú, Bàbá Ìṣọ̀lá ti ṣí fìlà láìmọ̀. Bàbá mi ò wo ibi pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àǹtí Fọlákẹ́ ni wọ́n ń wò, omi ń ṣàn lójú wọn, n kò sì tíì fẹ́ràn wọn rí tó bẹ́ẹ̀. Jọ́ọ̀gì búlúù ló kẹ́yìn. Ó yí lọ sí etí pákó, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀.

"Ohun tí ẹ bá kó jọ," ni bàbá mi wí, "kò ní fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó dé ilẹ̀.

"Ẹ ṣe àmín!" ni wọ́n ké. A ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ojúlé kejì, tí wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, fi bá wa ṣe é.